Sọ́fítíwíà àjọ ọ̀fẹ́ tí mo kọ: báwo ni kí n ṣe dì í fún àwọn tí kò ní dátà? Deb, Flatpak àbí AppImage?

Ọmọ Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti kọ sọ́fítíwíà kékeré kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn tó ń dá àjọ. Ó ń kọ ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó kàn láti kó, ó sì ń tẹ rìsíìtì jáde pẹ̀lú orúkọ èèyàn tó ní àmì lórí bó ṣe yẹ. Python ni mo fi kọ ọ́, PyQt (irinṣẹ́ tó ń lo Qt láti ya wíńdò àti bọ́tìnì) ni ojú rẹ̀, SQLite ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kẹta ni mo gbé e lé, ẹni tó bá fẹ́ tú inú rẹ̀ wò kó tú u.

Ibi tó ti dùn mí ni pé àwọn tó máa lò ó kì í ṣe irú wa. Akápò ìyá ọlọ́jà l'Ómù-Àrán ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì l'Ájàṣẹ́ ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan l'Ọ́fà tó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ló jogún. Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù yìí ò lè gba Windows 11 torí kò sí ṣíìpù ààbò TPM 2.0 nínú wọn, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 oṣù kẹwàá 2025, torí náà mo ti gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sórí àwọn kan, àwọn tó kù ṣì wà lórí Windows. Dátà ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ra gíìgì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, tó fẹ́ fi bá ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀, ò ní jẹ́ kí n fi wa sọ́fítíwíà.

Ìbéèrè mi: irú pákéèjì (ìdì tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà fún èèyàn) wo ni kí n dì í sí? Mo ti ka oríṣiríṣi, orí mi ti ń fọ́.

TankeCoder:
Flatpak, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má wulẹ̀ ronú. Ẹ dì í lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mint, Fedora, Debian, èyíkéyìí. Láti Mint 18.3 ni wọ́n ti ń gbé Flatpak àti Flathub, stọ́ọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá nínú rẹ̀ látilẹ̀, ẹni yẹn á kàn ṣí Software Manager, á wá orúkọ rẹ̀, á tẹ install, ó parí. Bí ẹ bá tún nǹkan ṣe, ẹ tì í sí Flathub, gbogbo èèyàn á rí i gbà. Ayé ti kúrò níbi pé à ń dì í ní ẹ̀yà mẹ́wàá fún dístírò (oríṣi Linux) mẹ́wàá.

AlfaDebian:
Àbúrò Tanke, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó dátà? Ápù PyQt yẹn ò ní dá wá. Runtime KDE (àwọn nǹkan tí ápù gbọ́dọ̀ ní lábẹ́ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́) ló máa bá a wá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gà sì ni kó tó kan ápù fúnra rẹ̀ tí kò ju ohun tí ìka kan lè gbé lọ. Òótọ́ ni pé bí ápù mìíràn bá tún nílò runtime kan náà, kò ní wà á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n akápò Òmù-Àrán yẹn ò ní ápù mìíràn! Ápù kan ṣoṣo ló fẹ́. Wallahi, ẹ ò lè sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ pé kó ra gíìgì kan kó tó lè kọ orúkọ ẹni tó san àjọ.

Bó ṣe jẹ́ pé láti 1993 tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gan-an nìyẹn: láíbúrérì kan wà lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo sọ́fítíwíà á jọ máa lò ó, pákéèjì kọ̀ọ̀kan á kàn sọ ohun tó nílò, apt á lọ bá a wá èyí tí kò sí. Deb, pákéèjì Debian tí Mint náà ń lò, ni kí ẹ ṣe.

Ìbọlọ́Boy:
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ẹran tí kò tíì kú 😂 AppImage ni o. Fáìlì kan ṣoṣo, gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, kò sí ínstọ́ọ̀lù, kò sí pásíwọọ̀dù, ẹ fi fláàṣì gbé e, ó tán. Láti 2004 ni ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti ń ṣe é, klik ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Mo fi ń pín sọ́fítíwíà fún àwọn ọmọ poli l'Ọ́fà níbí, kò sẹ́ni tó béèrè dátà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Biznes Sẹ́ńtà:
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ kóòdù ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi wà ní agbègbè Pósí-Ọ́fíìsì n'Ílọrin, èmi ni mo ń bá àwọn èèyàn tí ẹ ń sọ yìí pàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Oníbàárà á mú fláàṣì wá, á ní "ẹ bá mi kó nǹkan yẹn sí i", á lọ sílé, á fi fláàṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì níbi tó wà nínú fláàṣì, kò ní kó o sínú kọ̀ǹpútà rárá. AppImage tí Ìbọlọ́Boy ń sọ yẹn, mo ti kó o fún èèyàn rí, ó padà wá bá mi lọ́jọ́ kejì pé mo ta nǹkan òfo fún òun. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò dáhùn.

Ìbéèrè kejì: ṣé mo lè gbowó lórí nǹkan ọ̀fẹ́ yìí? Torí ẹnì kan ti pè mí lólè lórí ẹ̀.

Ìbọlọ́Boy:
Màmá, ẹ má bínú, fláàṣì ló fà á, kì í ṣe AppImage. Bí fláàṣì bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà tí wọ́n fi to fáìlì sórí rẹ̀), tó sì sábàá máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Linux kì í gbà kí fáìlì tó wà lórí ẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi prógíráàmù, àyàfi tó bá parí ní .exe tàbí irú rẹ̀. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ kó o sínú Home, kó fi màásì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, Properties, Permissions, kó máàkì ibi tí wọ́n ti ní kí fáìlì yẹn máa ṣiṣẹ́ bíi prógíráàmù. Ohun kejì tún wà: láti Ubuntu 22.04 ni libfuse2, láíbúrérì tí AppImage àtijọ́ fi ń ṣí ara rẹ̀, ò ti bá a wá mọ́, AppImage tó jẹ́ ti àtijọ́ á dákẹ́ lọ gbáà láìsọ ìdí. Ẹni tó bá fi runtime tuntun (apá AppImage tó ń ṣí i, kì í ṣe ti KDE yẹn) kọ́ AppImage rẹ̀ ti bọ́ nínú ìyẹn.

Èrò Ìgbàjà:
Ẹ tún gbàgbé glibc, láíbúrérì tí ọ̀pọ̀ prógíráàmù Linux gbára lé. Bí ẹ bá kọ́ AppImage yẹn lórí Mint 22, Ubuntu 24.04 ló wà nídìí rẹ̀, ẹ wá gbé e lọ fún ẹni tó wà lórí Mint 20, ó máa sọ fún un pé GLIBC báyìí-báyìí not found. Orí èyí tó dàgbà jù tí ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lé lórí ni kí ẹ ti kọ́ ọ. PyInstaller, tó ń sọ kóòdù Python di prógíráàmù tó dá dúró, náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe, kò sì lè jókòó sórí Linux kó kọ́ ti Windows fún yín, orí Windows ni ẹ máa kọ́ èyí yẹn.

Ìyá, lórí owó: ẹ gbowó o jàre, kò sóhun tó kàn wọ́n. GPL ò ní kí ẹ má tà á. Ohun tó ní ni pé ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín ní ẹ̀tọ́ sí kóòdù rẹ̀, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un ṣe, kó pín in fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Torí náà ẹ kó kóòdù náà sórí fláàṣì kan náà, fáìlì kékeré ni, kò ní gba ààyè, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Ẹni tó pè yín lólè ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Biznes Sẹ́ńtà:
Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tó ń gbọ́ràn. Màá tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọmọ Àrán:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ wò ó, ohun tó ń dà mí láàmú ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ ni ìgbà kejì. Bí mo bá rí àṣìṣe nínú bó ṣe ń ṣírò èlé lóṣù tó ń bọ̀, báwo ni àtúnṣe á ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè wọkọ̀ dé Òmù-Àrán pẹ̀lú fláàṣì, mi ò lè máa lọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí ìlà kóòdù kan padà.

AlfaDebian:
Áà. Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà, ẹ jẹ́ kí n jókòó kọ èyí dáadáa.

Ẹ ya nǹkan tó wúwo kúrò lára nǹkan tó fúyẹ́. Kóòdù tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò tó mẹ́gà kan. Ohun tó wúwo ni Qt. AppImage ń di méjèèjì pọ̀, nítorí náà ìgbàkígbà tí ẹ bá tún ìlà kan ṣe, ẹ̀yin náà tún ń gbé odindi Qt lọ. (Ohun kan wà tó ń jẹ́ zsync tó lè wa kìkì ibi tó yí padà, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi ṣe é, kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.)

Deb: ẹ gbé Qt lọ lẹ́ẹ̀kan lórí fláàṣì, lẹ́yìn ìyẹn kìkì deb tiyín ló ń lọ. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ wá ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Mint sí, ẹ̀dà kan náà pẹ̀lú tiwọn, ẹ ṣe `sudo apt-get install --download-only python3-pyqt5`. Gbogbo deb tó bá wà á sùn sí /var/cache/apt/archives. Ẹ kó wọn sórí fláàṣì pẹ̀lú tiyín. Níbẹ̀, ẹ wọ fódà yẹn, ẹ tẹ `sudo apt install ./*.deb`. Ẹ má gbàgbé `./` yẹn, òun ló jẹ́ kí apt mọ̀ pé fáìlì tó wà níwájú òun ni ẹ ń sọ, kì í ṣe orúkọ tó fẹ́ lọ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ̀dà wọn bára mu, Mint 21 dá lé Ubuntu 22.04, Mint 22 dá lé 24.04, ẹ ò lè gbé ti ọ̀kan sórí èkejì.

Nígbà tó bá kan àtúnṣe, ẹ fi deb tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi dókúmẹ́ǹtì. Kò ju fọ́tò kan lọ nínú dátà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Mint á ṣí i fún wọn, wọ́n á fi pásíwọọ̀dù sí i, ó tán.

Nínú fáìlì control, èyí tó ń ṣàpèjúwe deb yín, ẹ kọ `Architecture: all`, torí Python lásán ni, kò ní ọ̀rọ̀ 32 bit àbí 64 bit. Depends: python3, python3-pyqt5, fonts-dejavu-core. Fọ́ńtì yẹn ẹ má yọ ọ́ kúrò, torí ẹ́ àti ọ́ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ẹ tàbí ọ ni wọ́n ń fi àmì lé lórí, fọ́ńtì tí kò dáa á gbé àmì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan tú iyọ̀ dànù, akápò á sì ní ẹ ba orúkọ òun jẹ́ lórí rìsíìtì.

TankeCoder:
Alfa, mo gbà fún yín lórí dátà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Flatpak náà lè gba orí fláàṣì. `flatpak create-usb` wà, ó ń kó ápù àti runtime rẹ̀ sórí fláàṣì, ẹ á sì fi `--sideload-repo` ínstọ́ọ̀lù rẹ̀ níbòmíràn, ẹ kàn máa kọ́kọ́ fún Flathub ní collection ID (orúkọ ìdánimọ̀ stọ́ọ̀ náà) ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe ápù nìkan kéré.

AlfaDebian:
Mo mọ̀ ọ́n. Runtime náà ń gba àtúnṣe tirẹ̀, àkókò rẹ̀ sì ń tán, tó bá tán wọ́n á fẹ́ gbé òmíràn wá. Ṣé ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé collection ID fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì?

TankeCoder:
😅 Mo panu mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ṣọ́ra fún, bóyá Flatpak ni wọ́n lò tàbí wọn ò lò ó: ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Ẹ ò gbọdọ̀ fi fáìlì SQLite sínú fódà tí prógíráàmù wà. Ẹ fi sí ~/.local/share lábẹ́ orúkọ ápù yín, àtúnṣe ò ní lè fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá wá pinnu lọ́jọ́ iwájú pé ẹ fẹ́ kó lọ sí Flatpak, ẹ mọ̀ pé Flatpak ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú ~/.var/app ló ń tọ́jú nǹkan sí. Ìyá náà á ṣí ápù tuntun lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín owó ọdún, kò ní rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á mọ́ fefe. Fáìlì àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà o, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Wọ́n á ti lọ bá yín nílé kí ẹ tó sọ pé ẹ dúró. Ẹ kọ kóòdù tó máa wo ibi méjèèjì kó tó dá tuntun sílẹ̀, ẹ sì fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tó ń da ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sórí fláàṣì.

Èrò Ìgbàjà:
Lórí fláàṣì náà, ìdí kan nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ lọ sí Snap, pákéèjì mìíràn tó jọ Flatpak, láìrò ó. Ápù tó bá wà nínú Snap kì í rí fláàṣì àyàfi tí èèyàn bá tẹ `snap connect` fún removable-media, ó sì máa ń fúnra rẹ̀ wo íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ bóyá àtúnṣe wà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi fóònù pín dátà fún láptọ́ọ̀pù, ìyẹn nìkan lè dá ìjà sílẹ̀. Mint fúnra rẹ̀ ti tì í síta látìgbà Mint 20.

Ìyá Biznes Sẹ́ńtà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun, WhatsApp yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹnì kan bá fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́ ńkọ́, tó pè é ní orúkọ kan náà? Lóṣù tó kọjá wọ́n fi fáìlì kan lọ káàkiri àwọn gúrúùpù n'Ílọrin níbí pé àwọrán ìwé ìgbéyàwó ni, fóònù àwọn èèyàn ló fẹ́ kó.

AlfaDebian:
Ìyá mi, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ẹni tó ń ínstọ́ọ̀lù deb ti fún un ní pásíwọọ̀dù rẹ̀ ná. Skríptì kan wà nínú deb tí wọ́n ń pè ní postinst, òun náà ń ṣiṣẹ́ bíi ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ohun tó bá wù ú ló lè ṣe. Torí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba deb lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi fọ́wọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí.

Àwọn tó tóbi gan-an náà ń bọ́ sínú ẹ̀. Ní 2018, wọ́n rí géèmù kan nínú stọ́ọ̀ Snap, 2048buntu, tó ń fi ẹ̀rọ olóhun wa owó crypto ní kọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta 2024, onímọ̀ẹ̀rọ kan, Andres Freund, rí i pé SSH (ohun tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè) ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tú u wò, ó bá ìlẹ̀kùn kọ̀rọ̀ nínú xz (irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì mọ́ra) 5.6.0 àti 5.6.1. Ó ti wọ Debian testing àti unstable, ṣùgbọ́n kò tíì dé stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tán. Bí kò bá jẹ́ pé kóòdù ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ni, báwo ni ì bá ṣe rí i?

Ohun tí Ọmọ Àrán á ṣe: kó ṣe `sha256sum` lórí deb yẹn, á fún un ní nọ́ńbà gígùn kan tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà, kó gbé nọ́ńbà gígùn yẹn sí ojú ewé tó ń tọ́jú kóòdù náà. Ẹni tó bá ní dátà á fi wé e.

Ìbọlọ́Boy:
Alfa, ta ló máa ka lẹ́tà 64 wé ara wọn? Tíṣà Àjàṣẹ́?

AlfaDebian:
Ìyá Biznes Sẹ́ńtà ló máa kà á. Ẹni kan ní ìlú kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí gbogbo ìyókù ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó. Tàbí kí ẹ lọ PPA (ibi ìkópamọ́ deb tiyín) lórí Launchpad, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi kóòdù ránṣẹ́, wọ́n á kọ́ ọ fún yín, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ buwọ́ lù ú, Update Manager Mint á máa gbé e wá fúnra rẹ̀ fún àwọn tó ní dátà. Fláàṣì fún àwọn tí kò ní. Orí deb kan náà ni méjèèjì dúró lé, kò pọ́n dandan kí ẹ mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀.

Ọmọ Àrán:
Èyí wọ̀ mí lórí. Deb fún Mint 21 àti 22, PPA lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà lórí Windows ńkọ́?

Èrò Ìgbàjà:
PyInstaller, ẹ lo ẹ̀yà fódà, ẹ má lo ẹ̀yà fáìlì kan ṣoṣo torí antivirus sábàá máa ń fura sí ìyẹn jù, ẹ wá fi Inno Setup dì í. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé Windows á gbé wíńdò búlúù kan jáde pé òun ò mọ ẹni tó ṣe é. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń buwọ́ lu fáìlì, owó gidi ni lọ́dọọdún, kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe nǹkan ọ̀fẹ́ fi owó oúnjẹ rà á. Ẹ ya fọ́tò wíńdò yẹn, ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n máa tẹ̀, ẹ kó o sórí fláàṣì pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Àrán:
Mo ti kọ́ deb àkọ́kọ́. Ó wọlé lórí Mint 22, ṣùgbọ́n kò jáde nínú mẹ́nù, àfi kí n ṣí tẹ́mínà. Fáìlì .desktop mi, èyí tó ń fi ápù sínú mẹ́nù, nìyí:

`[Desktop Entry]`
`Name=Ajo`
`Name[yo]=Àkọsílẹ̀ Àjọ`
`Exec=python3 main.py`
`Icon=ajo`
`Categories=Office;Finance;`

TankeCoder:
Ẹ̀gbọ́n, `Type=Application` ò sí níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí mẹ́nù fò ó dá. Exec yẹn náà ò ní ṣiṣẹ́, torí mẹ́nù ò mọ fódà tí main.py wà. Ẹ fi skríptì kékeré kan sí /usr/bin, ẹ pè é ní akosile-ajo, kí Exec máa pe òun. Fáìlì .desktop gbọ́dọ̀ wà ní /usr/share/applications. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `desktop-file-validate`, á sọ ohun tó kù fún yín.

Name[yo] yẹn dáa, ṣùgbọ́n kìkì ẹni tó bá ti yí èdè ẹ̀rọ rẹ̀ sí Yorùbá ló máa rí i, àwọn èèyàn yín á sì ti fi í sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbé orúkọ Yorùbá sí Name gangan. Nínú ápù náà, ẹ fi ibi tí wọ́n á ti yan èdè sí inú rẹ̀, ẹ má dúró de ètò ẹ̀rọ.

Ọmọ Àrán:
Ó ti jáde nínú mẹ́nù. Màá gbé deb àti sha256 rẹ̀ síbi tí kóòdù wà lálẹ́ òní. Ìyá Biznes Sẹ́ńtà, ẹ fún mi ní àyè lọ́jọ́ Sátidé, màá mú fláàṣì ti Mint 21 àti ti 22 wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ yín.

Ìyá Biznes Sẹ́ńtà:
Wá lẹ́yìn ìrun àsárì, ìgbà yẹn ni èrò máa ń dínkù. Mú fọ́tò wíńdò búlúù yẹn náà dání, àwọn oní-Windows ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi.